Ìwà Tí Wọ́n Fín Sára Idẹ, Gbèsè Ni

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, ọdún 193 lẹ́yìn ìbí Kristi, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin ní ìlú Róòmù pa olú-ọba wọn, Pertinax, ẹni tí kò lò ju ọjọ́ 87 lọ lórí oyè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gbé oyè rẹ̀ sí gbàǹjo. Ọkùnrin méjì ló ń fi owó lé owó. Sulpicianus, bàbá ìyàwó olóògbé, wà nínú àgọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́; Didius Julianus, àgbà aṣòfin tó lówó rẹpẹtẹ, dúró lẹ́yìn odi. Sulpicianus fi owó kún owó títí tó fi dé 20,000 sestertius fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Julianus bu 5,000 lé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó kígbe iye rẹ̀, ó sì tún fi ìka ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ kí ó má baà sí àṣìgbọ́. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un. Cassius Dio, tó jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà náà, ló kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ogun lásán ní àkókò yẹn ń gba 1,200 sestertius lọ́dún. Owó tí Julianus dárúkọ fún ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ju ohun tí irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ yóò fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ fún lọ. Nígbà tí olú-ọba tuntun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó tirẹ̀, ọ̀kan lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n lù mọ́ ẹ̀yìn owó náà ni CONCORD MILIT, èyí tó túmọ̀ sí ìṣọ̀kan àwọn ọmọ ogun. Obìnrin kan dúró níbẹ̀, ó di àsíá ogun mú ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Pertinax ti mú kí fàdákà inú owó fàdákà pọ̀ sí i. Julianus tún dá a padà sí ìsàlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, lẹ́yìn ọjọ́ 66, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dá a lẹ́bi ikú, wọ́n sì pa á nínú ààfin. Ìṣọ̀kan tó wà lẹ́yìn owó rẹ̀ kò jáde wá gbà á.

Owó idẹ Róòmù kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọba kan dé ìgbà ọba mìíràn: òmìnira, àánú, ìdọ́gba, ìṣòtítọ́, ìrètí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò wọ́n yóò rí i pé ìwà rere tí ìjọba lu òǹtẹ̀ rẹ̀ sára owó kì í ṣe ẹ̀rí pé ìwà náà wà. Gbèsè ni, tí ìjọba jẹ gbogbo ẹni tó bá ná owó náà. Àwọn ọba kan san án. Ọ̀pọ̀ kò san án. Iṣẹ́ aráàlú ni láti dá olùsan mọ̀ yàtọ̀ sí ajẹgbèsè, kí ó sì béèrè gbèsè náà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún 23 ṣáájú ìbí Kristi ni Augustus tún ètò owó Róòmù tò. Wúrà àti fàdákà wà fún owó ńlá. Fún ọjà ojoojúmọ́, ó yan irin méjì tí Yorùbá mọ orúkọ wọn dáadáa, idẹ àti bàbà. Idẹ ni wọ́n fi rọ sestertius, owó fífẹ̀ tó wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 25, àti dupondius tó jẹ́ ìlàjì rẹ̀. Bàbà ni wọ́n fi rọ as, èyí tí mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ sestertius kan. Sestertius mẹ́rin ló jẹ́ owó fàdákà kan, tí wọ́n ń pè ní denarius. Orúkọ kọ́bọ̀ tí Nàìjíríà fi pe owó kékeré rẹ̀ ní ọdún 1973 wá láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún bàbà yìí kan náà. Owó idẹ àti bàbà ni tálákà Róòmù fi ń ra búrẹ́dì àti wáìnì, òun ló fi ń wọ ilé ìwẹ̀. Ẹlòmíràn lè dàgbà darúgbó kó má fi ọwọ́ kan wúrà. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan idẹ.

Lára ọ̀pọ̀ nínú owó wọ̀nyí ni lẹ́tà méjì wà, S àti C, tó dúró fún àṣẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ojú owó jẹ́ ti olú-ọba: orí rẹ̀, orúkọ rẹ̀, oyè rẹ̀. Ẹ̀yìn owó ni ìwà rere sábà máa ń wà. Obìnrin ni wọ́n máa ń ya ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìwà náà sí, pẹ̀lú ohun kan lọ́wọ́ tí ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá yóò fi dá a mọ̀. Aequitas, ìdọ́gba, di òṣùwọ̀n mú. Libertas, òmìnira, gbé fìlà tí wọ́n máa ń dé fún ẹrú tí wọ́n bá dá sílẹ̀. Pax, àlàáfíà, mú ẹ̀ka igi ólífì. Annona, ìpèsè oúnjẹ, ní ṣírí ọkà lọ́wọ́, nígbà mìíràn imú ọkọ̀ ojú omi a sì yọ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí láti Íjíbítì àti àríwá Áfíríkà ni ọkọ̀ ti ń kó ọkà tó ń bọ́ Róòmù. Liberalitas, ìlawọ́, gbé pátákó tí wọ́n fi ń ka owó fún aráàlú. Fides, ìṣòtítọ́ sí àdéhùn, lè jẹ́ ọwọ́ méjì tó bọ ara wọn ṣinṣin. Spes, ìrètí, jẹ́ ọmọbìnrin tó ń rìn lọ. Òdòdó wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, ó sì fi ọwọ́ kejì ká etí aṣọ rẹ̀ sókè.

Àwòrán wọ̀nyí dára lójú. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ohun tó wà lọ́rùn àwọn olú-ọba náà ni ìtàn jẹ́ kí a mọ̀.

Tiberius, tó jọba láti ọdún 14 sí 37, rọ dupondius méjì tó lókìkí. Ọ̀kan ń bọlá fún Clementia, àánú. Èkejì ń bọlá fún Moderatio, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Lábẹ́ Tiberius kan náà ni ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí olú-ọba gbilẹ̀, débi pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè gbé ènìyàn dé iwájú ikú. Suetonius kọ ọ́ pé ó dé ibi tí ẹni tó bá mú owó tó ní àwòrán Augustus wọ ilé ìyàgbẹ́ tàbí ilé aṣẹ́wó lè fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ìlú tí wọ́n ti ń ná owó àánú ni wọ́n ti wá ń bẹ̀rù owó inú àpò wọn.

Ọdún 69 ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù. Ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n pè ní olú-ọba nínú ọdún kan ṣoṣo yẹn. Galba, tó rọ́pò Nero ní ọdún 68, kọ LIBERTAS PVBLICA, òmìnira aráàlú, sára owó rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun pa á ní gbàgede ìlú ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní. Ohun tó ti bí àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú ni pé ó kọ̀ láti san owó tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣèlérí fún wọn. Otho tó gba ipò rẹ̀ kéde àlàáfíà gbogbo ayé lórí owó wúrà àti fàdákà rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló lò, ogun abẹ́lé sì ló mú kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Vitellius tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní tirẹ̀ fín FIDES EXERCITVVM, ìṣòtítọ́ àwọn ọmọ ogun, pẹ̀lú ọwọ́ méjì tó bọ ara wọn. Kí ọdún tó parí, àwọn ọmọ ogun tó wà lẹ́yìn Vespasian ti wọ́ ọ gba ìgboro kọjá, wọ́n sì pa á. Òmìnira, àlàáfíà, ìṣòtítọ́: ọ̀rọ̀ mẹ́ta, òkú mẹ́ta, láàárín oṣù méjìlá.

Àwọn ọba tó níwà pẹ̀lẹ́ náà kò yọ nínú rẹ̀. Nerva fi ọwọ́ méjì tó bọ ara wọn kéde ìṣọ̀kan àwọn ọmọ ogun. Ní ọdún 97, àwọn ẹ̀ṣọ́ ká a mọ́ ààfin, wọ́n fipá gba àwọn tó lọ́wọ́ nínú ikú Domitian lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa wọ́n. Àgbàlagbà tó fín ìṣọ̀kan sára idẹ kò lè dáàbò bo àlejò inú ilé ara rẹ̀.

Ti ìdílé Septimius Severus ló dunni jù. Severus, ọmọ Leptis Magna ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Líbíà lónìí, kú ní oṣù Kejì ọdún 211, ó sì fi ìjọba sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Caracalla àti Geta. Dio kọ ọ́ pé ó gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n wà ní ìrẹ́pọ̀. Concordia, ìṣọ̀kan, wà lára ohun tí owó wọn ń kéde. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, wọ́n pa Geta ní àyà ìyá rẹ̀, Julia Domna, nípa ètò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe. Caracalla ní kí wọ́n yọ́ owó tó ní àwòrán àbúrò rẹ̀. Ní ìlú Pergamon àti Stratonicea, ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Tọ́kì lónìí, wọ́n ti rọ owó idẹ ńlá tí ojú àwọn méjèèjì jọ wà lórí rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà títí dòní. Ojú Caracalla wà níbẹ̀ gedegbe; ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ha ojú Geta kúrò ṣófo.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ọdún 268. Aureolus, ọ̀gágun àwọn ẹlẹ́ṣin, dalẹ̀ olú-ọba Gallienus ní ìlú Mílánì. Owó tí wọ́n rọ ní Mílánì lábẹ́ ọ̀tẹ̀ náà ń yin ìṣòtítọ́ àti ìṣọ̀kan àwọn ẹlẹ́ṣin. Gallienus fúnra rẹ̀ ti kéde ìṣòtítọ́ ọmọ ogun lórí owó tirẹ̀. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun rẹ̀ ló gbìmọ̀ pa á nígbà tó dó ti ìlú náà. Ọlọ̀tẹ̀ ń kígbe ìṣòtítọ́, ẹni tí wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí ń kígbe ìṣòtítọ́, kò sì sí ẹni tó rí i lò nínú wọn.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Ìjọba kì í sábà kígbe ohun tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lé lórí. Níbi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti ń dún jù, níbẹ̀ ló yẹ kí aráàlú ti wádìí ohun tó ń yọ ìjọba lẹ́nu. Enu dùn-ún ròfọ́. Idẹ pẹ̀lú dùn-ún fín ọ̀rọ̀ sí.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú owó fúnra rẹ̀. Nígbà Augustus, owó fàdákà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì fàdákà. Ní ọdún 215, Caracalla gbé owó tuntun kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní antoninianus. Wọ́n gbà pé denarius méjì ni ìjọba ní kí ó jẹ́, ṣùgbọ́n fàdákà inú rẹ̀ kò ju ti ọ̀kan àbọ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń yí gẹ̀ẹ́rẹ́. Kí ìjọba Gallienus tó parí ní 268, fàdákà inú owó náà kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Bàbà ni, tí wọ́n fi fàdákà pa lójú. Síbẹ̀, lẹ́yìn irú owó bẹ́ẹ̀ ni Aequitas, ìdọ́gba, dúró sí pẹ̀lú òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Owó tó dúró lé lórí ni kò wọ̀n.

Àwọn tó ń ná an kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún wọn. Sestertius bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, nítorí idẹ inú rẹ̀ ti níye lórí ju ohun tí ìjọba ń pè ní fàdákà lọ; wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n ń kó o pamọ́. Iye owó ọjà gòkè. Ní ọdún 301, Diocletian ṣe òfin tó ka iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ọjà kọjá, ó sì fi ikú halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá rú u. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú òfin náà di gbogbo ẹ̀bi ru ojúkòkòrò àwọn oníṣòwò. Owó tí àwọn ìjọba ti bà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí nínú ẹjọ́ tó rò. Òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ní Róòmù ìgbà yẹn, owó tí wọ́n fi ń ra èké náà ti di èké.

Ẹni tó bá dúró síbí yóò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àṣìṣe ni èyí pẹ̀lú, ó sì léwu, nítorí aráàlú tó gbà pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìjọba kò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Àwọn owó idẹ kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀.

Nerva tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ká mọ́lé yẹn náà rọ sestertius kan tí kò sí obìnrin kankan lórí rẹ̀. Ìbaaka méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ń jẹ koríko, wọ́n ti tú kẹ̀kẹ́ ẹrù kúrò lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká sọ pé wọ́n ti mú ẹrù ìfìwéránṣẹ́ ìjọba kúrò lọ́rùn àwọn ará Ítálì. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ìlú ló ń pèsè ẹran àti kẹ̀kẹ́ fún àwọn ìránṣẹ́ ìjọba. Àgbẹ̀ tó bá rí owó yìí mọ ohun tí ó ń wí. Bí wọ́n bá tún wá gba ìbaaka rẹ̀ lọ́la, yóò mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n pa. Bí wọn kò bá wá, yóò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ti Hadrian tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 118, ó fagi lé gbèsè tí aráàlú jẹ àpò ìjọba, ó sì ní kí wọ́n kó àwọn ìwé gbèsè náà jọ sí gbàgede Trajan, kí wọ́n dáná sun wọ́n lójú gbogbo ènìyàn. Owó idẹ tí wọ́n fi rántí ọjọ́ náà fi ìránṣẹ́ kan hàn tó ń ti iná bọ òkìtì ìwé. Iye owó náà wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú: mílíọ̀nù 900 sestertius. Kò kọ ìlawọ́ nìkan, kò kọ àánú nìkan. Ó kọ ohun tó ṣe àti iye tó jẹ́. Hadrian pẹ̀lú ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba rẹ̀, wọ́n ti pa àgbà aṣòfin mẹ́rin láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Lusius Quietus, akọni ọ̀gágun láti ìwọ̀-oòrùn àríwá Áfíríkà. Olú-ọba náà ń wá ojúure aráàlú lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n sun ìwé gbèsè rẹ̀ kò tún san án mọ́, ohun yòówù kó wà lọ́kàn ẹni tó ṣáná sí i. Aráàlú kò lè wo inú ọkàn ọba. Ó lè ka mílíọ̀nù 900.

Ẹ̀kẹta ni kí ènìyàn béèrè ta ni ó san owó ìwà rere náà. Vespasian tó jáwé olúborí ní ọdún 69 kún owó rẹ̀ pẹ̀lú Pax, àlàáfíà. Láti ọdún 71, ọ̀wọ́ sestertius mìíràn jáde pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n kọ IVDAEA CAPTA sí: a ti mú Jùdíà lẹ́rú. Igi ọ̀pẹ dúró láàárín. Ní ìdí rẹ̀, obìnrin kan jókòó, ó ń sunkún. Ní ọdún 70 ni ọmọ ogun Titus, ọmọ Vespasian, ti wó tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù. Àlàáfíà tí ará Róòmù rí lẹ́yìn owó kan, obìnrin tó wà lẹ́yìn owó kejì ló san án. Ìjọba tó bá ń kéde àlàáfíà láìdárúkọ ẹni tó ń sunkún kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn owó? Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ń ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n òkúta kan wà tó fi hàn pé àwọn ará oko mọ irú ọ̀rọ̀ tí ìjọba ń sọ nípa ara rẹ̀, wọ́n sì mọ bí wọn yóò ṣe lò ó. Ní ọdún 238, nígbà ìjọba Gordian Kẹta, àwọn ará abúlé Scaptopara, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bùlùgáríà lónìí, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí olú-ọba. Abúlé wọn ní ìsun omi gbígbóná, ọjà àjọ̀dún ńlá kan sì wà nítòsí wọn, ibùdó ọmọ ogun méjì sì wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ ìjọba a máa yà kúrò lójú ọ̀nà wọn, wọn a wọ abúlé, wọn a jẹ, wọn a mu, wọn a sùn, wọn kò sì ní san kọ́bọ̀. Àwọn gómìnà ti pàṣẹ kí wọ́n yé é ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣẹ náà kò dúró.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà bẹ̀rẹ̀ ìwé wọn ni ẹ̀kọ́ wà. Wọn kò kọ́kọ́ sọ ìyà tó ń jẹ wọ́n. Wọ́n rán olú-ọba létí pé òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ní ìgbà aláyọ̀ tirẹ̀ yìí, kí àwọn abúlé kún fún ènìyàn, kí wọ́n sì gbèrú. Ìdùnnú, Laetitia, wà lára ohun tí owó idẹ Gordian kan náà ń kéde. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìjọba, wọ́n fi lé ìjọba lọ́wọ́ bí ìwé gbèsè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi kún un pé bí ìyà náà kò bá dúró, àwọn yóò sá kúrò nílé baba àwọn, àpò ìjọba yóò sì pàdánù owó orí àwọn. Èsì tí ó wá kúrú: kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ gómìnà. Wọ́n gba èsì náà, wọ́n fín in pọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sára òkúta, wọ́n sì gbé e ró. Ọmọ ogun tó bá tún yà wá jẹun ọ̀fẹ́ yóò rí i níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé etí olú-ọba. Ìjọba ń fín ọ̀rọ̀ sára idẹ. Àwọn ará abúlé fín tiwọn sára òkúta.

Nàìjíríà kì í ṣe Róòmù. Ìbò ni wọ́n fi ń yan olórí níhìn-ín, aráàlú kò sì gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà fífi ìwà rere lu òǹtẹ̀ kò kú. Àmì orílẹ̀-èdè tó wà lára owó onírin 50 kọ́bọ̀, náírà 1 àti náírà 2 jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ àmì rẹ̀ ń sọ pé Ìṣọ̀kan àti Ìgbàgbọ́, Àlàáfíà àti Ìlọsíwájú. Ọ̀rọ̀ náà wà. Owó onírin náà ti kúrò lọ́jà, nítorí kò sí ohun tí ó lè rà. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú náà ní òǹtẹ̀ tiwọn. PDP ní Agbára Fún Àwọn Ènìyàn. APC wọlé ní 2015 pẹ̀lú Ìyípadà, ó sì tún padà wá ní 2023 pẹ̀lú Ìrètí Ọ̀tun.

Ìrètí wà lára owó Róòmù pẹ̀lú. Claudius, tó gorí oyè ní ọdún 41, rọ sestertius tó ní SPES AVGVSTA, ọmọbìnrin olódòdó tó ń rìn lọ. Àwọn onímọ̀ kan so ó pọ̀ mọ́ Britannicus, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní ọdún yẹn kan náà. Claudius fúnra rẹ̀ ló tún gba Nero ṣọmọ, tó sì gbé e ṣáájú Britannicus. Britannicus kú ní ọdún 55, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìrètí rọrùn láti fín. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fín in ni ẹ̀rí.

Nítorí náà, bí ìjọba kan, ti àárín tàbí ti ìpínlẹ̀, ti ẹgbẹ́ yìí tàbí ti ẹgbẹ́ yẹn, bá gbé ọ̀rọ̀ rere síta, àwọn owó idẹ àtijọ́ ti kọ́ aráàlú ní ohun tí yóò béèrè. Kí ló ń dẹ́rù ba ìjọba tó fi ń kígbe ọ̀rọ̀ yìí ní àkókò yìí? Iṣẹ́ wo ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, mélòó sì ni, tí àgbẹ̀ lè fi ìbaaka rẹ̀ wọ̀n? Ta ni ó ń san án, ta ni ó sì ń sunkún ní ìdí igi ọ̀pẹ? Ìjọba tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú iye àti déètì ń san gbèsè. Èyí tó bá tún fi ọ̀rọ̀ rere mìíràn dáhùn ń jẹ òmíràn.

Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ, ti dárí gbèsè ji ajẹgbèsè tí kò bẹ̀ ẹ́. Àwọn ará Scaptopara kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ọba sọ fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí ọba kò lè lé kúrò nílé ẹjọ́. Wọ́n mú un dání, wọ́n lọ, wọ́n sì kọ orúkọ abúlé wọn sí i.